Àlàyé: Ọ̀wọ́ngógó ti lọ sílẹ̀ ní Gánà, kí ló dé tí owó ọjà kò fi wálẹ̀ ní Tudu?

Bí àjọ Ghana Statistical Service, GSS, bá ti gbé ìṣirò ọ̀wọ́ngógó jáde lóṣù, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gba orí WhatsApp àti Facebook. Àwọn kan á ní owó ọjà ti wálẹ̀. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Aflao wá sí ibùdókọ̀ Tudu ní Accra láti ra ọjà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jóòótọ́ kó tó náwó.

Kí ni ọ̀wọ́ngógó ń sọ?

GSS máa ń ṣàkójọ iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, aṣọ, epo, owó ọkọ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn tí ará ilé ń náwó lé lórí. Wọ́n á fi iye oṣù yìí wé ti oṣù kan náà ní èṣí. Ìdá tó fi lé sí i ni ọ̀wọ́ngógó. Nítorí náà, kì í sọ iye tí ọjà jẹ́. Bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè ló ń sọ. Bí awakọ̀ bá dín eré kù, iwájú náà ló ṣì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ọ̀wọ́ngógó Gánà jẹ́ 54.1% ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, 23.2% ní oṣù Kejìlá 2023, àti 23.8% ní oṣù Kejìlá 2024. Ká ní apẹ̀rẹ̀ ọjà kan jẹ́ 100 sídì ní oṣù Kejìlá 2021:

- Ní oṣù Kejìlá 2022, ó di 154 sídì.
- Ní oṣù Kejìlá 2023, ó di nǹkan bí 190 sídì.
- Ní oṣù Kejìlá 2024, ó di nǹkan bí 235 sídì.

Ọ̀wọ́ngógó ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, àmọ́ owó apẹ̀rẹ̀ náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ọ̀wọ́ngógó di 9.4%, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò tó 10% láti ọdún 2021. Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó ọjà ṣì fi 9.4% ju ti oṣù Kẹsàn-án 2024 lọ.

Dọ́là ńkọ́?

Tudu jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣẹ́ owó. Iye tí Bank of Ghana ń kéde kì í sábà bá ti ojú títì dọ́gba, nítorí náà iye méjì tó yàtọ̀ lè tọ̀nà lọ́jọ́ kan náà.

Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà 2025, dọ́là kan já láti nǹkan bí 15 sídì sí nǹkan bí 10. Ẹnìkan lè sọ pé dọ́là fi 33% wálẹ̀, kí ẹlòmíràn ní sídì fi 50% lágbára sí i. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń sọ: 150 sídì tó ń ra dọ́là 10 tẹ́lẹ̀ ti wá ń ra 15. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ra ọjà rẹ̀ nígbà tí dọ́là jẹ́ 15 kò ní fẹ́ tà á ní iye tuntun kó má baà pàdánù.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi ara yín:

- Ta ló gbé e jáde? GSS ló ń ṣírò ọ̀wọ́ngógó àti GDP. Bank of Ghana ló ń kéde òṣùwọ̀n èlé orí owó.
- Oṣù wo ni wọ́n fi wé oṣù wo? Ṣé ti èṣí ni, àbí ti oṣù tó kọjá?
- Ṣé gbogbo Gánà ni, àbí ẹkùn kan? GSS ń gbé ti ẹkùn 16 jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà iye ti gbogbo orílẹ̀-èdè lè yàtọ̀ sí ti Greater Accra.
- Ṣé àmì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání? GDP Gánà fi 5.7% gbòòrò ní 2024, ọdún kan náà tí ọ̀wọ́ngógó parí sí 23.8%.

Àkótán: "Ọ̀wọ́ngógó ti lọ sílẹ̀" àti "owó ọjà ti wálẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí èkíní bá jẹ́ òótọ́, ẹ ṣì béèrè ẹ̀rí èkejì.