Orí Inú: Ta Ló Ń Kì Yín Láàárọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín: títí dòní, àyà mi máa ń já kí n tó tan máíkì. Mo mọ̀ pé máíkì kì í jẹ ènìyàn. Ta wá ni ẹni tó ń bẹ̀rù nínú mi, tí kì í gbọ́ àlàyé?

Sigmund Freud, oníṣègùn ní Vienna, gbé ìwé jáde nípa àlá ní ìparí ọdún 1899. Ó ní apá kan wà nínú ọkàn wa tó ń darí wa, tí a kì í rí. Àmọ́ ní 1897, àlùfáà Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, ló tún un kọ. Ilé ìtàwé CMS ní Èkó gbé e jáde ní 1921. CMS tí a ti ń wọ ọkọ̀ ní Marina lónìí, orúkọ ìjọ wọn ló kù síbẹ̀.

Johnson kọ ọ́ pé tọkùnrin tobìnrin ló ń bọ orí. Wọ́n á sín owó ẹyọ 41 pọ̀ bí adé, wọ́n á fi í pamọ́ sínú ilé orí. Owó ẹyọ tó wà lára ilé orí mìíràn tó 12,000, iye kan náà ni wọ́n sì ń san fún ẹni tó ṣe é.

Orí inú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí Freud ń sọ. Ìfẹ́ ọkàn tí a tẹ̀ rì ni Freud ń wá. Ní tiwa, ohun tí a yàn lọ́run ni orí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni inú wà, wọ́n kọ́lé fún un, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀.

Wọn kì í dá a ṣe. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Dókítà Adéoyè Lambo ṣe ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954 fi wú mi lórí. Kò ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé. Inú abúlé ló fi wọ́n sí, pẹ̀lú ẹbí wọn.

Mùsùlùmí ni ìyá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò bọ orí rí. Síbẹ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á gbọ́wọ́ lé mi lórí, á kì mí títí orí mi á fi wú, á ní, "Orí ẹ á gbè ẹ́." Nísinsìnyí, ó ti ń gbàgbé orúkọ mi. Kò tíì gbàgbé oríkì mi.

Lóṣù tó kọjá, mo gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Òun ni mò ń gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ètò. Àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́.

Ta ló ń kì yín? Tí ẹni náà bá ṣì wà, ẹ pè é lónìí. Ó dìgbà kan ná.