Ọkọ̀ Omi, Láti Ara Igi dé Àlùmíníọ̀mù

Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, wà láàárín odò méjì: Wẹ̀mẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀pàrà ní ìlà-oòrùn lápá ibodè Nàìjíríà. Kí afárá tó dé, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára odindi igi ni wọ́n fi ń sọdá nígbà tí omi bá kún. Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, àpáta a yọrí síta.

Àpáta yìí ló ń ba ọkọ̀ jẹ́. Oòrùn náà a sì máa la igi. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ lórí àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: wọn á ki àkísà tí wọ́n rì sínú ọ̀dà bọ ojú ibi tó là, wọn á gé páànù lé e, wọn á fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án yíká. Afárá wá dé: lọ́dún 1911, ojú irin láti Kutọnu gorí Wẹ̀mẹ̀ kọjá, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Arìnrìn-àjò tó gba ibẹ̀ kò ní í dúró de atukọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ igi nìyẹn; ní ti ọkọ̀ àlùmíníọ̀mù, Amẹ́ríkà ló ti di ọjà ńlá. William Hoffman, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ Grumman tó ń ṣe bàálù ogun nígbà náà, ló dá a lábàá lọ́dún 1944, lẹ́yìn tí gbígbé ọkọ̀ oníkánfáàsì nínú igbó Adirondack ti sú u. Lọ́dún 1945 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ríféètì (ìṣó tí wọ́n ń lu ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ) kan àlùmíníọ̀mù pọ̀ bíi ti bàálù.

Ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kì í fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Wọn á gbé e lé orí ìtìlẹ̀, wọn á bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀ (omi wúwo, àpọ̀jù lè tẹ ìdí rẹ̀), wọn á wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wo ibi tó ń kán, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ríféètì tó kàn dẹ̀ ṣì ṣeé fún: ẹnì kan á ti irin ńlá mọ́ ọn níta, ẹnì kejì á máa fi òòlù lù ú nínú, títí kò fi ní í mì. Èyí tó bá ti bàjẹ́, wọn á lù ú yọ, wọn á fi tuntun rọ́pò.

Pákó ìdí ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́, ló sábà máa ń jẹrà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: pákó tí wọ́n fi oògùn oníbàbà tọ́jú nítorí ikán a máa jẹ àlùmíníọ̀mù bí ọ̀rinrin bá kàn án.

Ọkọ̀ tó bá kọjá àtúnṣe ṣì ṣeé yọ́. Àlùmíníọ̀mù ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 660 (Sẹ́síọ́ọ̀sì), ṣùgbọ́n ti irin ju 1,500 lọ, nítorí náà iná èédú àti ẹwìrì tó o. Àwọn tó ń yọ́ àlókù rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń fi ṣe ìkòkò: wọ́n ń dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀. Ìkòkò tó ń tibẹ̀ jáde nípọn ju ti ilé iṣẹ́ ńlá lọ.