Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Tó Kù ní Le Mans

Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán

Òjò ti da ètò rú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọkọ̀ 60 tò sójú pápá ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé. Brad Pitt, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà, ló fi àsíá júwe fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sáré. Omi pọ̀ lójú títì débi pé àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo wọn tò tẹ̀ lé ọkọ̀ ààbò, kí wọ́n máa rọra lọ. Láti ọdún 1923 tí wọ́n ti ń sá eré-ìje oníwákàtí 24 yìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ báyẹn rí. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ẹni tó sanwó wọlé nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì, ariwo òjò ló kọ́kọ́ gbọ́.

Kazuki Nakajima jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí Toyota fi ọkọ̀ nọ́ńbà 5 lé lọ́wọ́. Anthony Davidson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Sébastien Buemi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ẹnìkejì àti ẹnìkẹta rẹ̀. Òfin kò gbà kí awakọ̀ kan lo ju wákàtí 14 lọ nínú 24, nítorí náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tí ọ̀kan á sùn díẹ̀ kí èkejì máa sáré.

Ọmọ ọdún 31 ni Nakajima lọ́jọ́ náà, orúkọ tó ń jẹ́ sì ti lókìkí ní Japan kó tó mọ ọkọ̀ wà. Satoru, bàbá rẹ̀, ni ọmọ Japan àkọ́kọ́ tó fi Formula 1 ṣiṣẹ́ ṣe fún sáà kan gbáko. Ọdún 1987 ni Lotus gbà á, Ayrton Senna sì ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nínú irú òjò báyìí ni Satoru ti gbayì jù. Ní Adelaide lọ́dún 1989, nígbà tí àgbàrá gba ojú pápá, tí àwọn àgbà awakọ̀ ń ya bàrá, ó ṣe ipò kẹrin, òun náà ló sì yára jù lọ ní yíyípo kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìtàn ilé yẹn ni ti ọdún 1985. Oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n bí Kazuki ní Okazaki, ní agbègbè Aichi tó jẹ́ ilé Toyota gan-an. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, bàbá rẹ̀ ti wà ní Le Mans nínú ọkọ̀ TOM'S Toyota pẹ̀lú Masanori Sekiya àti Kaoru Hoshino, ní ọdún tí Toyota fúnra rẹ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀ òun níbẹ̀. Ipò kejìlá ni wọ́n ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà náà ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Toyota kò sì tíì borí ní Le Mans. Ilé-iṣẹ́ Japan kan péré ló ti ṣe é títí di ìgbà yẹn, Mazda, lọ́dún 1991.

Ìrọ̀lẹ́

Títì gbẹ. Kílómítà 13.6 ni yíyípo kan, títì ìjọba sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí ará ìlú ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láwọn ọjọ́ yòókù. Ọkọ̀ Porsche nọ́ńbà 2 ti Neel Jani, Romain Dumas àti Marc Lieb ló wà níwájú pátápátá nígbà tí wọ́n tò, ṣùgbọ́n bí alẹ́ ti ń lẹ́ ni àwọn ènìyàn ń rí i pé Toyota kò wá ṣeré lọ́dún yìí. Lọ́dún 2015, ipò kẹfà àti ìkẹjọ ni wọ́n bá lọ sílé, ó sì dùn wọ́n. Wọ́n padà sí Cologne ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ṣe TS050, tó ń lo ẹ́ńjìnnì onílítà 2.4 tó ní turbo méjì, pẹ̀lú mọ́tò oníná àti bátìrì tó ń gba agbára padà nígbàkígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Ibi tí ọgbọ́n wọn wà ni epo. Bí Porsche bá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ó gbọ́dọ̀ wọlé wá bu epo, Toyota sì ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ẹ ka iye ìgbà tí ìyẹn yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ọkọ̀ tó ń dúró díẹ̀ kò ní láti sá ju èkejì lọ kó tó lè fi í sílẹ̀. Audi, tó ti jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ń pààrọ̀ turbo ọkọ̀ kan nínú gàréèjì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Oòrùn máa ń pẹ́ wọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà, kì í sì í pẹ́ kó tún tó yọ, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ tó wà láàárín ló máa ń pa ọkọ̀ jù. Ó pa Porsche nọ́ńbà 1. Ẹ̀rọ tó ń fa omi yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká bàjẹ́, ọkọ̀ náà sì pẹ́ nílé débi pé kò sẹ́ni tó kà á mọ́ eré mọ́. Ó wá ku Porsche kan sí Toyota méjì.

Àwọn tó ń wo Nakajima láti òde lè rò pé orúkọ bàbá ló gbé e débẹ̀. Mo gbà pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n inú ilé náà kò tutù. Williams fún un ní ọkọ̀ Formula 1 ní ìparí ọdún 2007, ní Brazil. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, bó ṣe wọlé láti pààrọ̀ táyà ló kọlu àwọn mẹkáníìkì tirẹ̀. Lọ́dún 2008 ó gba àmì mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2009 kò gba ẹyọ kan. Toyota tó ń fún Williams ní ẹ́ńjìnnì, tó sì ti ń tọ́ ọ bọ̀ láti kékeré, jáwọ́ nínú Formula 1 lọ́dún yẹn, Nakajima sì di ẹni tí kò ní ọkọ̀. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Formula Nippon lọ́dún 2012. Lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n ti ń pe ìdíje náà ní Super Formula, ó tún gbà á. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti di awakọ̀ tí ènìyàn lè fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́ kó sì lọ sùn.

Ìdájí

Bí ó bá ní wákàtí tó yẹ kí Nakajima bẹ̀rù, ìdájí ni. Lọ́dún 2014, òun ló sá eré tó gbé Toyota sí iwájú kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ Japan àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Le Mans. Ọkọ̀ wọn ṣáájú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú òkùnkùn ìdájí, nígbà tí òun náà ló di ìdarí mú, iná kú pátá nítòsí kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Arnage, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ tí kò dáhùn mọ́. Wáyà tó yọ́ ló fà á, wáyà ẹ̀rọ kékeré tí òfin ní kí wọ́n gbé sínú ọkọ̀.

Lọ́dún 2015, nínú òjò ní pápá Spa, ó já lu ẹ̀yìn Audi kan níbi ìdánrawò, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ó wà ní Le Mans. Davidson náà ti ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn ní Le Mans lọ́dún 2012, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fò lókè. Méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń wa nọ́ńbà 5 ló ti fi ẹ̀yìn san gbèsè iṣẹ́ yìí.

Lọ́dún 2016, ìdájí kọjá láìsí ohun tó ṣe wọ́n.

Sọ́ńdè, òwúrọ̀ sí ọ̀sán

Ọjọ́ àwọn bàbá ni ní Faransé àti ní Japan. Àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ti ń pààrọ̀ ipò láti òru. Toyota nọ́ńbà 6 ti Kamui Kobayashi, Stéphane Sarrazin àti Mike Conway ti pẹ́ lókè, ṣùgbọ́n ní àwọn wákàtí tó kẹ́yìn Kobayashi ya kúrò lójú títì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bàjẹ́, àtúnṣe sì jẹ àsìkò. Ìyẹn ló sọ nọ́ńbà 5 di ọkọ̀ tí gbogbo Japan gbójú lé. Lẹ́yìn rẹ̀, Porsche nọ́ńbà 2 ń lé e bọ̀.

Wọ́n fi ìyókù iṣẹ́ náà lé Nakajima lọ́wọ́. Jani wà nínú Porsche. Nígbà tí Porsche pè é wọlé láti pààrọ̀ táyà nígbà tó kù díẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní ìṣẹ́jú kan. Ní irú eré yìí, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú nígbà tí kò ku ju yíyípo mẹ́ta lọ kì í bẹ̀rù ẹni tó ń lé e. Nínú gàréèjì Toyota, wọ́n ti dìde dúró. Ní Japan, aago ń lọ sí mẹ́wàá alẹ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà

Rédíò dún. Nakajima ní ọkọ̀ òun kò ní agbára mọ́. Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ lọ káàkiri ayé, nítorí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ rédíò ẹgbẹ́ gbogbo.

Ọkọ̀ náà kò kú pátá, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ohun tí awakọ̀ lè ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ẹnjiníà ń pè é pé kó yí bọ́tìnnì yìí, kó pa tọ̀hún, kó tún un tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà, Jani sì ń jẹ àlàfo náà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi wò ó.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀

Nakajima kọjá ìlà ìparí, níwájú àwọn tó jókòó sí àga, níwájú gàréèjì tirẹ̀, ó sì dúró. Yíyípo kan ló kù. Jani kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hugues de Chaunac, àgbà ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Oreca, ń bá Toyota ṣiṣẹ́, bú sẹ́kún nínú gàréèjì, kámẹ́rà sì rí i.

Wọ́n rí agbára díẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n tún ètò turbo tò, ọkọ̀ náà sì wọ́ dé ilé. Yíyípo tó kẹ́yìn yẹn gbà á ní ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú àáyá 53. Òfin ìgbà náà sọ pé ẹni tí yíyípo ìkẹyìn rẹ̀ bá ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ kò sí nínú àwọn tó parí eré. Yíyípo 384 ló wà lórí ìwé fún Porsche tó borí, 384 náà ló wà fún nọ́ńbà 5. Kílómítà 5,233 ni ìyẹn, ó jìn ju ọ̀nà tí bàálù ń fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ. Nọ́ńbà 6 ṣe ipò kejì, Audi nọ́ńbà 8 tó fi yíyípo méjìlá rẹ̀yìn ṣe ìkẹta, àwọn tó sì fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú kò ní ipò kankan.

Àwọn kan sọ lọ́jọ́ náà pé òfin yẹn kò láàánú. Mi ò gbà. Wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ tó ti kú má baà fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, kó wá fà kọjá ìlà láti gba ipò. Pé ó bá olóòótọ́ lọ́dún kan kò sọ ọ́ di òfin burúkú.

Lẹ́yìn aago mẹ́ta

Àwọn òṣìṣẹ́ fa Nakajima jáde nínú ọkọ̀, wọ́n dì í mú lápá. Kobayashi gun pèpéle pẹ̀lú Sarrazin àti Conway, ojú wọn kò jọ ti ẹni tó gba ipò kejì. Porsche, tí ó di ìgbà kejìdínlógún tí yóò borí níbẹ̀, kí Toyota ní gbangba pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nílé tiwa, ẹni tí ọkọ̀ bá kú mọ́ lọ́wọ́ báyìí lẹ́ẹ̀mejì, tí òun nìkan ló wà nídìí ìdarí nígbà méjèèjì, wọ́n á ní kó lọ wádìí orí rẹ̀. Ó sì lè dà bíi pé wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí Toyota tú ọkọ̀ náà wò lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n rí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Ìsopọ̀ kan ló ti bàjẹ́, lójú ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti turbo lọ sínú ẹ̀rọ tó ń mú un tutù. Nígbà tí ó jò, wọn kò lè darí turbo mọ́. Ìbá jẹ́ Buemi ló jókòó níbẹ̀, tàbí Davidson, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, kìkì pé ohùn mìíràn la ó máa rántí.

Ní oṣù keje, Nakajima wà nínú nọ́ńbà 5 ní pápá Nürburgring. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2018, Toyota tún fi ìparí Le Mans lé e lọ́wọ́, nínú ọkọ̀ nọ́ńbà 8 tí òun, Buemi àti Fernando Alonso jọ wà. Yíyípo 388 ni. Wọ́n borí.