Gbóná àti Tútù: Ìtọ́jú Ilẹ̀gbóná nínú Ilé láàrin àwọn Yorùbá-Nàgó

Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀gbóná bá wọ ìlú kan ní ilẹ̀ Kétu, Ṣábẹ tàbí Ìdàáṣà, ẹnu ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n a máa pè é ní Baba, ní Ọlọ́de, ní Ọbalúayé. Bí ó bá sì mú ẹnì kan lọ, ará ilé kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dú. Ìdí nìyí tí a fi ń kì í ní Alápadúpẹ́. Orúkọ àrùn náà pàápàá, ilẹ̀gbóná, àdàpè ni: ilẹ̀ ni ó gbóná, kì í ṣe pé Ọba bínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn àgbà ṣe tọ́jú aláìsàn wọn, inú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ó bá gbóná, ohun tútù ni a fi ń rọ̀ ọ́.

Wọ́n a gbé omi tútù sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún aláìsàn, nítorí ẹní àti aṣọ a máa lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ẹ̀kọ tí a fi omi tútù pò ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n a fi wẹ ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n fún un mu díẹ̀. Ejìnrìn àti tàgíìrì a wọ inú omi ìwẹ̀, osùn a sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ìpara. Òdúndún, tẹ̀tẹ̀, rínrín àti omi ìgbín, tí gbogbo Yorùbá mọ̀ sí ẹ̀rọ̀, ń bẹ fún wíwọ́n sí ilẹ̀. Ìlù a dákẹ́. Aṣọ pupa a padà sínú àpótí. Ọmọdé kì í rìn kiri ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí wọ́n gbà pé ìgbà náà ni Baba ń rìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí òtítọ́: ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn náà máa ń gbilẹ̀ jù, bí òjò bá sì dé, a rọlẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí wo ilẹ̀gbóná sàn? Rárá. Kò sí ewé kan tí ó ṣẹ́gun kòkòrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí àrùn náà fi kúrò láyé, kò sí ilé ìwòsàn kankan, ní Paris tàbí ní Èkó, tí ó ní oògùn tí ó ń wò ó sàn. Níbi tí irú èyí tí ó le jù bá jà, bí ènìyàn 3 nínú 10 ni ó ń kú. Nínú àwọn tí ó yè, àwọn mìíràn fọ́jú. Ohun tí ó kù fún ènìyàn láti ṣe kò ju kí a fún aláìsàn ní omi, kí a mú ibà rẹ̀ rọlẹ̀, kí a jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ́, kí a má sì fi í sílẹ̀. Èyí ni àwọn àgbà ń ṣe. Wọ́n tún mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe é: ẹni tí Baba ti fọwọ́ kàn rí, tí àpá rẹ̀ wà lójú, ni wọ́n ń rán wọ yàrá, nítorí ẹni tí ó bá ṣe é tí ó yè, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tún ṣe é mọ́. Ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìwòsàn. Èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé yà wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan wà tí ó burú. Ọwọ́ àwọn àwòrò ni òkú ilẹ̀gbóná wà. Wọ́n a gbé e lọ sin sínú igbó, wọ́n a sì kó ẹrù rẹ̀. Jíjìnnà tí òkú jìnnà sí ilé dára. Ṣùgbọ́n èépá egbò àti aṣọ òkú tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè tan àrùn náà, ẹ̀rù èyí sì fún wọn ní agbára àti owó. Ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, Dókítà Oguntola Sapara wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀, ó sì tú àṣírí wọn. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Kí òǹkàwé má gbàgbé pé Sapara kan náà fẹ́ràn ewé àti egbò ilẹ̀ wa, ó sì ṣe ìwádìí lórí wọn. Kò da omi ìwẹ̀ nù pẹ̀lú àwòrò.

Àwọn ọba Dàhòmì ti fura sí irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Sakpata ni àwọn Fọ̀n ń pe òrìṣà yìí. Ìtàn wọn sọ pé láti Ìdàáṣà ni ó ti dé Àgbómẹ̀. Anagonu, èyíinì ni ará Nàgó, ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ òrìṣà rẹ̀, ọ̀rọ̀ Nàgó àtijọ́ sì wà nínú èdè awo wọn. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ọba lé àwọn àwòrò rẹ̀ kúrò ní Àgbómẹ̀, nítorí ìlú kan kò lè gba ọba méjì tí ó ni ilẹ̀. Wọ́n ní òun ni ó pa Kpengla ní 1789. Ní ti Gezo, tí ó kú ní 1858, àwọn kan ní ilẹ̀gbóná ni. Àwọn ará Kétu ní ìbọn ọmọ ilẹ̀ wọn ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn bá abẹ́rẹ́ òyìnbó dé: bupá. A bu apá, a sì fi oògùn sí i. Ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí ojú rí, kò sì ṣèlérí ju bí ó ti yẹ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ooru ń ba oògùn bupá jẹ́ lójú ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé a bu apá ènìyàn lásán. Ẹni tí wọ́n bu apá rẹ̀ tí ó tún ṣàìsàn kò ní ìdí láti gba olùbupá gbọ́ mọ́. Oògùn gbígbẹ, tí ó lè fara da ooru, ni ó yanjú èyí. Ní 1967, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Dàhòmì àti Tógò wà lára wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí ó ń fún oògùn wọ awọ ara. Ní 1970 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn ní agbègbè wa, ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀gbóná ti tán láyé.

Òrìṣà náà kò bá àrùn náà lọ. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó ń kọ àwọn àgbà ní ìwé má fi ipá mú wọn ka Ṣọ̀pọ̀ná sókè, ilẹ̀gbóná tó. Ohun tí kò gbọdọ̀ gbà ni kí ìwé kíkà sọ pé ejìnrìn "wo" àrùn sàn níbi tí ó yẹ kí ó sọ pé a fi wẹ aláìsàn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ewu mpox ní 2024, àrùn tí kòkòrò rẹ̀ bá ti ilẹ̀gbóná tan, ọ̀rọ̀ yìí tún di ọ̀ràn ọjọ́ òní. Àwọn àgbà tí àpá bupá wà ní apá wọn ní ààbò díẹ̀ sí i. Àwọn tí a bí lẹ́yìn 1980 kò ní in, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.