Kí Ni Orúkọ Ìyá Rẹ? Ìràwọ̀ Ìyá àti Ọmọ Nínú Ìṣirò Ààfáà

Ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ láìfọkàn sí i ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Bí ìyá àti ọmọ bá ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́, ẹnìkan yóò wí pé, "Ìràwọ̀ wọn kò bára mu ni." Bí ọ̀rọ̀ náà bá pẹ́ nílẹ̀, a lè gbé e dé iwájú ààfáà tó mọ ìṣirò ìràwọ̀. Irú ààfáà bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ọjọ́ tí a bí ọmọ náà, kò sì ní gbójú sókè wo ọ̀run. Yóò béèrè pé, "Kí ni orúkọ rẹ? Kí ni orúkọ ìyá rẹ?" Ìbéèrè kejì yìí ni àròkọ mi dá lé.

Ìwé kékeré kan tí a fi èdè Lárúbáwá kọ wà tí ọ̀pọ̀ irú ààfáà bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó sì ń jẹ́ orúkọ Abu Maʿshar. Ọmọ ìlú Balkh ni Abu Maʿshar, ó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáàdì, ó sì kú ní ọdún 886. Wíwo ipò oòrùn, òṣùpá àti àwọn ìràwọ̀ ní wákàtí ìbí ni iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí kò béèrè wákàtí rárá. Lẹ́tà ni ó ń ṣírò. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí alif tí ó jẹ́ 1. A ó ka iye orúkọ ọmọ, a ó ka ti ìyá rẹ̀, a ó pa méjèèjì pọ̀, a ó sì máa yọ 12 kúrò léraléra. Iye tó bá ṣẹ́kù ni ó ń tọ́ka sí ilé ìràwọ̀ ọmọ náà láàárín ilé méjìlá: àgbò, akọ màlúù, ìbejì, akàn, kìnnìún, ṣírí ọkà, òṣùwọ̀n, àkeekèé, ọrún, òbúkọ, korobá àti ẹja.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é wò. Ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Aḥmad: alif 1, ḥā 8, mīm 40, dāl 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 53. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Maryam: mīm 40, rā 200, yā 10, mīm 40. Èyí jẹ́ 290. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ó di 343; bí a bá yọ 12 léraléra, yóò ku 7. Òṣùwọ̀n ni ìràwọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ni òṣùwọ̀n. Aḥmad mìíràn wà ní ilé kejì, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà ni a bí i, ṣùgbọ́n Fāṭima ni ìyá tirẹ̀: fā 80, alif 1, ṭā 9, mīm 40, hā 5, tí ó jẹ́ 135. Tirẹ̀ jẹ́ 188, ó sì ku 8. Àkeekèé ni, omi sì ni àkeekèé. Ọ̀run kan náà ló wà lórí àwọn ọmọ méjèèjì. Ìyá ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Láti mọ ìràwọ̀ ìyá náà, orúkọ ìyá tirẹ̀ ni a ó béèrè. Ká ní ìyá Maryam ń jẹ́ Fāṭima, tí ìyá Fāṭima kejì sì ń jẹ́ Maryam, 425 ni àwọn ìyá méjèèjì yóò ní, yóò ku 5, wọn yóò sì jẹ́ kìnnìún, tí í ṣe iná. Nísinsin yìí ni ààfáà yóò wá sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ iná, nítorí náà Maryam àti Aḥmad rẹ̀ yóò ṣe ara wọn lóore. Omi ń pa iná, nítorí náà Fāṭima gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún Aḥmad tirẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè ka ọ̀rọ̀ náà sí eré. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ fún abiyamọ pé ìràwọ̀ ọmọ rẹ̀ ń pa tirẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí ọjà rẹ̀ kò fi tà. Wọ́n a sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìyá àgbà, lọ́dọ̀ obìnrin tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló sọ ìyá ọmọ náà di iná nínú ìṣirò ọ̀hún!

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ibi àkọtọ́ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ka lẹ́tà ìparí Fāṭima sí tā, tí iye rẹ̀ jẹ́ 400, dípò hā tí ó jẹ́ 5. Bí a bá tẹ̀ lé wọn, Fāṭima di 530, ọmọ rẹ̀ bọ́ sínú òṣùwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ sì di akàn. Ìjà iná àti omi parí lójijì, láìsí ètùtù kankan. Ti àwọn orúkọ Yorùbá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èdè Lárúbáwá kò ní gb, kò ní ẹ, kò sì ní ọ. Bí ààfáà kan bá fi alif kan kún Àbẹ̀kẹ́ tí èkejì kò fi í kún un, ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ti ṣí láti ilé kan sí èkejì nìyẹn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ orúkọ ìyá? Àṣà náà ti pẹ́ ju ẹ̀sìn Ìsìláàmù lọ. Nínú àwọn ìwé oògùn tí a fi èdè Gíríìkì kọ ní Íjíbítì àtijọ́, àti nínú àwọn abọ́ amọ̀ tí a kọ ọfọ̀ sí ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, orúkọ ìyá ni a sábà fi ń dá ènìyàn mọ̀. Àwọn onísègùn tiwa náà ń pe "lágbájá ọmọ lágbájá" nínú ọfọ̀, orúkọ ìyá ni wọ́n sì ń fi sí i. Àlàyé tí a máa ń gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè ṣiyèméjì nípa ìyá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò tó. Iṣẹ́ Abu Maʿshar nílò wákàtí ìbí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò sì mọ tiwọn. Èrò tèmi ni pé ìyá ni wọ́n fi dí ipò wákàtí náà. Òun ni ẹnu ọ̀nà tí ọmọ gbà wọ ayé.

Ìdí nìyí tí ìṣirò náà kò fi ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ wo àwọn orúkọ àmútọ̀runwá wa: Ìgè tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Òjó àti Àìná tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Ọ̀kẹ́ tó wà nínú àpò, Ìlọ̀rí tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìkọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Ara ìyá ni a kà, a kò ka ọ̀run. Nígbà ẹsẹ̀ńtayé tí a ń ṣe ní ọjọ́ kẹta, Ifá ni a ń bi nípa ọmọ, èèwọ̀ tó bá sì jáde lè de ìyá náà pẹ̀lú.

Mo máa ń ronú kan Ìkirè àti Àpòmù nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìlú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. (Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kó ra dòdò Ìkirè.) Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Àpòmù, wọ́n sì ń tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ló mú kí àwọn Òwu pa Àpòmù àti àwọn ìlú kan tó yí i ká run, kí ìjà ataare tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà kan náà tó sọ Òwu fúnra rẹ̀ di ahoro ní àwọn ọdún 1820. Ọmọ tí a jí gbé nírú ọjà bẹ́ẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìbí kankan, agbo ilé bàbá rẹ̀ sì lè ti jóná. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìràwọ̀ inú ìwé ìròyìn kò mọ ìyá rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1930 ni R. H. Naylor kọ nípa ìràwọ̀ ọmọ-ọba Margaret tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sínú Sunday Express ní Lọ́ńdọ̀nù, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì tàn káyé. Ọjọ́ ìbí nìkan ló tó fún un. Àwa náà ti ní òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti ọdún 1992, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ní ìwé-ẹ̀rí ìbí. Síbẹ̀, ààfáà ṣì ń béèrè orúkọ ìyá.

Bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tí ààfáà fi ṣírò ìràwọ̀ fún àwọn òbí yín tàbí àwọn òbí wọn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jù ú nù, bí ẹ kò tilẹ̀ gba ìṣirò náà gbọ́. Ẹ wo ìlà kejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni a ti kọ orúkọ ìyá wọn sílẹ̀.