Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fọmọ Rọ́pò: Ta Ni Yóò Máa Yàwòrán Ìwé Àwọn Ọmọ Wa?

Nílé òkú ni a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: "Iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò." Wọ́n á pa á fún àwọn ọmọ olóògbé, wọ́n á fi àdúrà tì í, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ohun kan náà ni apá méjèèjì ń sọ, pé àgbà lọ, àrólé dé. Èmi gbà pé òwe náà fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Eérú kàn dúró sí ipò iná nínú ààrò ni. Kò lè sun iṣu, kò lè se ọbẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ta ewé tirẹ̀, yóò so èso tirẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ nínú rẹ̀ yóò mọ̀ pé adùn ti ìyá rẹ̀ ni. Irú àrólé méjì ni òwe yìí gbé kalẹ̀ fún wa.

Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Fìdítì mọ èyí jù mí lọ. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fìdítì mọ́ èso: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó tí àwọn obìnrin ń pàtẹ sẹ́bàá títì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so. Bí wọ́n bá ti gé èso rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó di ti àwọn ọmọ tó yí i ká. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í kàn fa èyíkéyìí yọ nínú wọn. Irú ọmọ kan wà tí ewé rẹ̀ gbòòrò láti kékeré, tó tutù yọ̀yọ̀ lójú, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ti ìyá rẹ̀. Bí a bá gbìn ín, kì í lágbára. Irú kejì ni ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣe ṣóńṣó bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì ki. Kò dùn ún wò tó ti àkọ́kọ́, òun sì ni àgbẹ̀ ń wá. Yóò wa ilẹ̀ yí i ká, yóò gé e kúrò lára ìyá tòun ti ìdí rẹ̀, yóò sì gbìn ín sínú ihò tirẹ̀.

Ìwé ọmọdé ló gbé mi dórí ọ̀rọ̀ yìí. Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1904, tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé, tó sì ṣe mínísítà ní Ìwọ̀ Oòrùn ayé ìgbà nnì, papò dà ní 1980. Ìwé Aláwìyé tó kọ kò bá a lọ. Láti Ìwé Kìíní dé Ìwé Kẹfà, ìyá àgbà kà á, ọmọ kà á, ọmọ-ọmọ ń kà á. Iléeṣẹ́ Longman tó ń tẹ̀ ẹ́ ti yí orúkọ padà di Learn Africa, ìwé náà ṣì wà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ló ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ró, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ àti ọwọ́ ẹni tó yàwòrán rẹ̀. Gbogbo wa la mọ orúkọ Ọdúnjọ. Ta ló mọ orúkọ àwọn ayàwòrán?

Bẹ́ẹ̀ àwòrán ni ọmọ ń kọ́kọ́ kà. Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìlọrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìwé. Kò tíì mọ a yàtọ̀ sí b. Ìka rẹ̀ yóò wà lórí àwòrán, yóò ní, "Ajá rèé! Màmá rèé, ó ń gúnyán!" Ẹ̀yìn èyí ni ojú rẹ̀ yóò tó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Àwòrán náà ló sì ń tètè gbó ju ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n". Olótùú lè jókòó sídìí tábìlì kó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ti àwòrán le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńì. Àwòrán tí wọ́n bá yà ṣáájú ìgbà náà láti fi kọ́ ọmọ bí a ṣe ń kọjá títì lè fi ọmọ Ìlọrà sínú ewu lónìí, nítorí yóò kọ́ ọ láti kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ kò ti ní í wá. Irú ìyẹn, dandan ni ká yà á tuntun.

Ibi tí ìjà wà ni ẹni tí a ó gbé e fún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Awdry, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ọkọ̀ ojú irin fún àwọn ọmọdé ní 1945. Àwòrán ìwé àkọ́kọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n sì ní kí C. Reginald Dalby tún un yà. Àwọ̀ Dalby tàn, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n Awdry mọ ọkọ̀ ojú irin bí ẹni mọ ojú, ó sì ń rí àṣìṣe. Ó sọ nípa ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Percy pé ó jọ kòkòrò ajẹwé tó ní ilà pupa lára. Dalby bínú kúrò ní 1956. Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà, ìwé náà sì ń bá a lọ. Ní 1983, Christopher ọmọ Awdry gba gègé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, Jean de Brunhoff tó dá Babar erin sílẹ̀ ní 1931 kú ní 1937. Laurent ọmọ rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ní 1946, ó gbé ìwé Babar tirẹ̀ jáde, kò sì jáwọ́ títí ó fi darúgbó. Ọdún 2024 ló kú.

Ẹnì kan lè wá sọ pé ọmọ bíbí inú nìkan ló lè jogún irú iṣẹ́ yìí. Rárá o. D. O. Fágúnwà, tó kàwé ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, nítòsí Ìlọrà àti Awẹ́, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Nígbà tí ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká jáde ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló yàwòrán rẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, kì í ṣe Yorùbá. Síbẹ̀ ó wọnú Igbó Irúnmalẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn iwin ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní àjèjì ni wọ́n sí ọ̀rọ̀ Fágúnwà. Ìdí tó so mọ́ ti ìyá ni kíka ìwé náà ní àkàyé, kí ayàwòrán tó mú pẹ́ńsù.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni àwòrán ọ̀fẹ́ tí àwọn kan ń já lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ìwé Yorùbá: ápù níbi tó yẹ kí agbálùmọ̀ wà, ilé ìdáná òyìnbó níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ nípa ààrò, àwọn ọmọ tí ojú gbogbo wọn dọ́gba. Ó tutù yọ̀yọ̀ lójú, kò ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò bá àwọn tó ní kí a má fọwọ́ kan àwòrán àtijọ́ rárá ṣe. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lọ́wọ́ bàbá inú ìwé, kí ọ̀kadà wà ní títì. Kí ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ má yí padà, kí ìkúnlẹ̀ má yí padà, kí àwòrán má sì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ.

Àwọn tó lè ṣe é kò jìnnà. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Pólì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ifẹ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀yin iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ìwé wọ̀nyí wà níkàáwọ́ yín, ẹ gbé àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí lọ sí ọjà Fìdítì, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá eléso, kí wọ́n ya ohun tí ojú wọn rí. Ẹ san owó iṣẹ́ wọn pé, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí iwájú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé.