Ìkìlọ̀ Tí Odò Ògùnpa Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí rédíò tó dé, ojú ni àwọn baba wa fi ń ṣọ́ òjò. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ẹni tó gbé orí àpáta mọ̀ pé òjò kì í wọ inú òkúta. Ńṣe ló ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, ẹni tó bá kọ́lé sójú ọ̀nà rẹ̀ ni yóò sì bá pàdé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn. Odò Ògùnpa la àárín ìlú náà kọjá. Bí èrò ṣe ń pọ̀ tí ilẹ̀ sì ń wọ́n, àwọn tí owó wọn kò tó ra ilẹ̀ gidi ń kọ́lé sí etí odò láìgba ìwé àṣẹ. Ìdọ̀tí sì ń dí ojú omi. Ògùnpa kún ní ọdún 1960, ó kún ní 1963, ó tún kún ní 1978. Ìkìlọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti fà, àwọn èèyàn a tún padà síbẹ̀, nítorí wọn kò ní ibòmíràn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa sì ya bo ilé. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà odò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé. Ó gbé afárá lọ, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2003 ni òfin ti dá àjọ NiMet sílẹ̀ láti máa sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Kí ló wá kù? Ìkìlọ̀ kò parí sẹ́nu ẹni tó ṣe é. A gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ewu wà, kí a ṣọ́ òjò, kí a sọ fún aráàlú, kí aráàlú sì ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ìkìlọ̀ báyìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ayé kí ọdún 2027 tó parí.

Ìyá aláta tó ń gbé etí odò kò mọ ohun tí mìlímítà 100 jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un ní Yorùbá pé omi yóò dé ojú fèrèsé kó tó di àárọ̀, pé kó kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè, yóò gbọ́, yóò sì dìde.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a máa wọn òjò nílé ẹ̀kọ́, kí a sì máa gbé ìròyìn ojú ọjọ́ délé. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Kí àwa náà má gbàgbé.